Ojú Àwo Kan Péré

Ìtàn tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń sọ nípa Bàbá Jáàsì ní Ìsọlọ̀ ni ti ọjọ́ tó bá àwo orin rẹ̀ lọ sí mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ ní Èjìgbò, tí àwọn àna sì gbé e jókòó sórí àga olórí ẹbí. Kì í ṣe torí ìyàwó ló ṣe lọ, kì í sì í ṣe torí ọkọ. Àwo ló sìn lọ.

Súnkànmí ni ọkọ ìyàwó ọjọ́ náà. Oníṣẹ́ iná mànàmáná ni, ó háyà yàrá ní àdúgbò kan náà pẹ̀lú bàbá. Wọ́n ti sọ fún un pé bàbá ìyàwó fẹ́ràn orin jẹ́jẹ́, ó sì rò ó pé bí òun bá mú àwo jáàsì kan dání, wọn yóò mọ̀ pé ọmọlúàbí tó lajú ló fẹ́ fẹ́ ọmọ wọn. Ó bá lọ yá àwo lọ́wọ́ Bàbá Jáàsì. Bàbá kì í ṣe ahun. Kò sí ẹni tó tọrọ àwo lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò rí gbà. Ohun kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: àwo rẹ̀ kì í dá rìn. Ilé tí àwo bá ń lọ ni bàbá ń lọ. Bí wọ́n bá ti gbé e sórí ẹ̀rọ, yóò wá àga, yóò jókòó, yóò bá wọn gbọ́ ojú méjèèjì, lẹ́yìn náà yóò gbé àwo sábíyá, yóò sì dágbére fún onílé.

Nígbà tí wọ́n dé Èjìgbò, bàbá tó bí Súnkànmí kò tíì dé. Ìkirè ló ti ń bọ̀, ọkọ̀ rẹ̀ sì ti bàjẹ́ lọ́nà. Àwọn àna wò yíká, wọn kò rí orí ewú kankan lẹ́yìn ọkọ àfi ti bàbá kan tó gbá páálí pẹlẹbẹ mọ́yà.

"Ẹ káàbọ̀ o, bàbá," ni àgbà ilé ìyàwó wí. "Ẹ̀yin lẹ bí ọkọ wa?"

"Rárá o."

"A jẹ́ pé àbúrò bàbá rẹ̀ ni yín."

"Rárá o."

"Ẹ má bínú sà, kí lẹ wá jẹ́ sí i?"

"Èmi ni mo ni àwo," ni Bàbá Jáàsì dáhùn, ó sì tún páálí náà gbá mọ́yà.

Súnkànmí ń wo ilẹ̀ bí ẹni tó sọ owó nù. Ṣùgbọ́n àwọn àna rẹ̀ jẹ́ ènìyàn jẹ́jẹ́, wọ́n gbà pé ìjìnlẹ̀ ọ̀rọ̀ àwọn ará Ọ̀ṣun ni. Wọ́n kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, wọ́n fà á dìde, wọ́n sì mú un lọ sórí àga tó ga jù.

Nígbà tó yá, wọ́n ní kí ó wá jẹ́rìí ọmọ rẹ̀. Bàbá Jáàsì kì í purọ́. Ó ní, "Ẹ̀yin ará ilé yìí, mi ò mọ bí ọmọ yìí ṣe ń ṣe nílé bàbá ẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá ó ń tètè jí. Ohun tí mo mọ̀ ò ju ẹyọ kan lọ. Ó ti yá àwo lọ́wọ́ mi láìmọye ìgbà, kò fìka kan ojú ẹ̀ rí. Etí ẹ̀ ló ń fọwọ́ mú. Tó bá gbọ́ ọ tán, á fi aṣọ tó mọ́ nù ún, á dá a padà sínú páálí ẹ̀, kò ní jù ú sílẹ̀ kó máa bá nǹkan mìíràn lọ."

Àwọn obìnrin ilé wo ara wọn. Ìyá ìyàwó ní, "Ẹni tó lè ṣe báyẹn sí àwo, kò ní fọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọmọ wa." Bí ọ̀rọ̀ ṣe yanjú nìyẹn.

Wọ́n ká aṣọ léèsì kúrò lórí réjíógírámù ńlá kan tó ti di tábìlì fọ́tò láti ọjọ́ pípẹ́, wọ́n gbé àwo sí i. Fèrè ń dún lọ́wọ́ ni ìyá àgbà kan bá bẹ̀rẹ̀ àdúrà fún tọkọtaya. Bàbá na ọwọ́ sókè. "Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń fọn fèrè yìí parí ọ̀rọ̀ ẹ̀ ná. Ọ̀nà jíjìn ló ti wá." Ìyá àgbà dá àdúrà dúró. Ojú kejì ni wọ́n wà nígbà tí bàbá Súnkànmí gan-an yọ pẹ̀lú eruku lára. Bàbá Jáàsì kí i dáadáa, ó yọ̀ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n kò dìde lórí àga, torí ojú kejì kò tíì tán. Ẹnu ọ̀nà ni bàbá ọkọ jókòó sí títí orin fi parí.

Rùfáì Ọláyanjú lorúkọ Bàbá Jáàsì gan-an. Ọmọ Ìwó ni, àgọ́ ẹrù ní pápákọ̀ òfurufú ló ti ṣiṣẹ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ibẹ̀ ni arìnrìn-àjò kan ti fún un ní àwo àkọ́kọ́, èyí tí òjò ti ba páálí rẹ̀ jẹ́ tí ẹni tó ni ín kò fẹ́ mọ́. Ó gbà á tayọ̀tayọ̀, ó gbé e délé kó tó rántí pé òun kò ní ẹ̀rọ tí òun yóò fi gbọ́ ọ.

Ẹni mìíràn ì bá tà á. Òun gbé àwo sábíyá, ó ń tẹ́tí kiri ní Àjàó Estate láti mọ ilé tí orin ti ń dún. Ó kan ilẹ̀kùn ilé kan, tíṣà obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Àǹtí Felicia ló jáde. "Ẹ jọ̀ọ́ mà," ni bàbá wí, "mo ní orin, mi ò ní ẹ̀rọ. Mo rí i pé ẹ̀yin ní ẹ̀rọ." Àǹtí Felicia sọ pé òun fẹ́ pe ọlọ́dẹ ni, àmọ́ nígbà tí òun rí bí ọkùnrin náà ṣe fi ọwọ́ méjèèjì mú àwo, òun ní kó wọlé. Ọ̀rẹ́ tí ikú nìkan ló lè yà bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Nígbà tó ra ẹ̀rọ tirẹ̀, gbogbo ènìyàn rò pé ìrìn náà ti parí. Kò parí. Ó ti mọ́ ọn lára láti máa gbọ́ orin níbi tí ẹlòmíràn jókòó sí. Ó ní orin tí ènìyàn dá gbọ́ dà bí àwàdà tí ènìyàn dá sọ fún ara rẹ̀: bó ti wù kó dùn tó, ojú ta ni o fẹ́ wò rẹ́rìn-ín? Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rò pé ó ń ṣọ́ àwo rẹ̀ kí wọ́n má bàa jí i. Etí ló ń wá kiri. Ó sì ní ìdí tó fi ń wá a lọ sóde, torí etí tó fẹ́ jù lọ wà nílé rẹ̀, kò sì ráyè.

Etí Ìyá Nafeesah, ìyàwó rẹ̀, ni mò ń sọ. Nimotallahi ni wọ́n sọ ọ́, láti ìdílé oníṣòwò kan ní Ìṣẹ́yìn, ó sì ń ta ẹrù ọmọ tuntun ní Òṣòdì. Obìnrin tó ń jáde kílẹ̀ tó mọ́, tó ń wọlé lálẹ́, tó tún ń to ṣáàlì àti fìlà ọmọdé títí oorun yóò fi gbé e. Ó fẹ́ràn ọkọ rẹ̀ dọ́ba, kì í jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìdáa lójú òun, ṣùgbọ́n jáàsì kò yé e, kò sì díbọ́n pé ó yé òun.

"Bàbá Nafeesah," ni yóò wí láti yàrá, "láti àárọ̀ làwọn èèyàn yìí ti ń fọn fèrè, wọn ò tíì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n sọ ọ́ o, kí n lè máa lọ sọ́jà."

"Wọ́n ń sọ ọ́ bọ̀," ni bàbá yóò dáhùn. "Wá jókòó. Ojú kan péré ni mo ní kí o bá mi gbọ́. Má gbọ́ ìkejì."

"Tí mo bá ráyè."

Ọ̀rọ̀ yìí ló ń lọ tó ń bọ̀ láàrin wọn láti ìgbà tí Nafeesah, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ti wà lọ́mọ ọwọ́ títí ó fi wọlé ọkọ. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ ọ́n. Ohun tí bàbá ń fẹ́ láyé kò pọ̀: kò tọrọ ilé, kò tọrọ mọ́tò, kí ìyàwó òun jókòó ti òun kí wọ́n jọ gbọ́ ojú àwo kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ni. Ó tiẹ̀ ra àga kan fún un, àga gígùn tó ní tìmùtìmù, ó gbé e sí ibi tí fèrè ti ń dún jù. Nígbà tó padà dé láti mọ́sálásí, Ìyá Nafeesah ti kó páálí bàtà ọmọdé jọ sórí rẹ̀ dé àjà. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀ gidigidi, ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti ń wá ibi tí òun yóò máa kó ọjà sí.

Ìgbà kan wà tó gbà. Ọjọ́ Iléyá ni, ọjà kò sí, ẹran ti jinná, àlejò ti lọ. Ó jáde láti ilé ìdáná, ó fi ìdí ìró nu ọwọ́, ó ní, "Ó yá, ẹ gbé e sí i. Ẹ gbé èyí tí kò pariwo." Bàbá Jáàsì kò mọ ohun tí òun yóò gbé. Ó yọ èyí, ó dá a padà, ó yọ tọ̀hún. Nígbà tó mú ọ̀kan tán, tó nù ún, tó fẹ́ eruku kúrò lórí abẹ́rẹ́, tó gbé abẹ́rẹ́ lé e, tí Ìyá Nafeesah sì jókòó sórí ẹní, tó fẹ̀yìn ti ògiri, iná lọ.

"Alihamudulilahi," ni Ìyá Nafeesah wí, ó sì dìde lọ sùn. Bàbá jókòó ti ẹ̀rọ tó dákẹ́ yẹn, ó ń retí iná. Nígbà tí iná dé, ìyàwó rẹ̀ ti wà ní Òṣòdì. Láti ọjọ́ náà ló ti ya àwo yẹn sọ́tọ̀ fún un, gbogbo ẹni tó ń wá sílé rẹ̀ ló sì mọ̀ ọ́n.

Ṣé ẹ rí i, ẹni tó bá mọ Bàbá Jáàsì yóò mọ̀ pé sùúrù rẹ̀ kò láfiwé. Ìtàn ẹ̀pà Apakun ló fi í hàn jù. Obìnrin kan ń ta ẹ̀pà síse lẹ́bàá ọ̀nà níbẹ̀, ó fi àwo orin kan bo abọ́ ẹ̀pà rẹ̀ torí eṣinṣin. Bàbá ń kọjá lọ, ojú rẹ̀ bá àwo. Bó ṣe rí ìwé pupa àárín rẹ̀ ló ti mọ̀ pé ohun tí òun ti ń wá láti ọjọ́ pípẹ́ ni. Ó mọ̀ pé bí òun bá bèèrè iye tí wọ́n ń ta ìdérí, lójú ẹsẹ̀ ni yóò di góòlù.

Ó ra ẹ̀pà. Ó ní kí obìnrin náà tún bu sí i. Ó tún ní kó bu sí i, títí abọ́ fi gbẹ, tí obìnrin náà sì bẹ̀rẹ̀ sí wò ó bóyá orí rẹ̀ pé. Nígbà tí ẹ̀pà tán pátápátá, ó wá bèèrè èènì.

"Bàbá, èènì wo ló tún kù? Ẹ ti ra abọ́ mọ́lẹ̀."

"Oníbàárà tó ra gbogbo ọjà, ṣé kò ní gbèènì ni? Fún mi ní ìdérí yẹn, kí n fi bò ó lọ sílé."

Obìnrin náà fún un tẹ̀ríntẹ̀rín. Bàbá rin ìrìn jẹ́jẹ́ títí ó fi yà ní kọ̀rọ̀, lẹ́yìn náà ló sáré. Nígbà tí Ìyá Nafeesah rí àpò ẹ̀pà tó wọlé, ó kígbe pé, "Bàbá Nafeesah, kí la fẹ́ fi gbogbo ẹ̀pà yìí ṣe?" Bàbá ní kò sí ohun tí a fẹ́ fi ṣe, ìdérí rẹ̀ ni òun rà. Gbogbo àdúgbò ló jẹ ẹ̀pà náà títí inú fi ń run wọ́n.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni wọ́n máa ń pàdé nílé rẹ̀. Súnkànmí yóò wá, Àǹtí Felicia yóò wọ ọ̀kadà láti Àjàó Estate, àwọn mìíràn náà yóò yà wọlé bí ọwọ́ bá dilẹ̀. Ẹni tó bá ní àwo yóò gbé e wá, ẹni tí kò ní yóò gbé etí wá. Kò gbọdọ̀ sí ọ̀rọ̀ nígbà tí orin bá ń lọ. Bí ikọ́ bá gbé ọ, ìta ni. Ẹnì kan ṣoṣo tí bàbá kì í bá jà ni ládàánì mọ́sálásí ẹ̀yìn ilé wọn. Kí ládàánì tó la ẹnu ni bàbá ti máa ń gbé abẹ́rẹ́ kúrò lórí àwo, kò sì sí ẹni tó mọ bó ṣe ń mọ̀ ọ́n. Àwọn obìnrin àdúgbò kì í wo aago mọ́. Bí fèrè bá ti dákẹ́ lójijì nílé Bàbá Jáàsì, wọ́n ti ń bu omi àlùwàlá.

Ibẹ̀ ni Jeremy, ọmọ ẹ̀gbọ́n Àǹtí Felicia, wá bá wọn lọ́jọ́ kan. Ọmọkùnrin náà ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ó sì láàánú. Àánú ló ṣe é pé àgbàlagbà ń gbé àwo kiri nínú oòrùn. Ó mú fúláàṣì kékeré kan jáde lápò.

"Daddy, wàhálà ti tán. Gbogbo jáàsì tí wọ́n ṣe láyé yìí, everything dey inside. Tẹ́ ẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ọ lónìí, ẹ ò lè gbọ́ ọ tán títí ẹ ó fi kú."

"O ṣeun, ọmọ mi," ni bàbá wí. Ó yí fúláàṣì náà síwá sẹ́yìn. "Ṣùgbọ́n níbo lò ń lọ?"

"Mo fẹ́ padà sílé, sà. Ẹ̀bùn ni, ẹ máa mú un."

"Ẹ̀bùn kẹ̀? Ṣé fúláàṣì dá wá ni? Ìwọ lo mú un wá, jókòó tì í."

Jeremy rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. Súnkànmí ti ti ilẹ̀kùn. Wọ́n so fúláàṣì mọ́ ẹ̀rọ, ọmọ náà sì jókòó títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú, ó ń wo bàbá tó dijú, tó ń mi orí, tó sì ń la ojú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan láti wò ó bóyá òun náà gbọ́ ibi tó dùn yẹn. Nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀, ó gbàgbé fúláàṣì rẹ̀ síbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ló padà wá mú un, ó tún jókòó, ó sì tún gbàgbé rẹ̀.

Ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ dá bàbá dúró. Orúnkún wú, lẹ́yìn náà ẹ̀mí ń kúrú bó bá ti rìn dé gbọ̀ngàn. Àwọn dókítà fún un ní oògùn, wọ́n ní kó sinmi. Ó wá di pé àwo rẹ̀ kò jáde mọ́, torí ẹni tó ń sìn wọ́n lọ kò lè lọ. Súnkànmí kò tọrọ. Àǹtí Felicia kò tọrọ. Wọ́n ń wá sọ́dọ̀ rẹ̀ ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, láìbéèrè, bàbá yọ àwo kan, ó nà án sí Súnkànmí. "Mú un lọ sílé. Lọ fún ìyàwó ẹ gbọ́."

"Bàbá, ta ni yóò bá a lọ?"

"Ìwọ ni."

Súnkànmí gbà á. Tẹ́lẹ̀, kò sí ohun tó wù ú tó báyìí rí: kó gbé àwo délé, kó gbọ́ ọ lórí ìjókòó tirẹ̀, kí àgbàlagbà kan má wà níbẹ̀ tí yóò ní kí ọmọ rẹ̀ má sunkún, tí yóò jẹ ẹran inú ọbẹ̀. Ó dé ẹnu géètì, ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí gùn mọ́ ọn lójú. Ó padà wọlé, ó gbé àwo lé orí tábìlì, ó ní òun kò ráyè gbọ́ ọ lónìí. Bàbá wò ó, ó sì fi ọwọ́ nu páálí náà.

Ọjọ́ bíi mélòó kan lẹ́yìn náà, bàbá pe ìyàwó rẹ̀. Ìyá Nafeesah ń di ọjà lọ́wọ́, torí àwọn oníbàárà rẹ̀ láti Abẹ́òkúta ń bọ̀.

"Ìyá Nafeesah."

"Mò ń gbọ́ yín."

"Ojú kan yẹn ńkọ́?"

"Bàbá Nafeesah, ẹ jẹ́ kí n kó ọjà yìí tán. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, Ọlọ́run ló mọ̀, màá jókòó."

"Kò burú," ni bàbá wí. "Ó dìgbà tí o bá ráyè." Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú. Ó rẹ́rìn-ín, Ìyá Nafeesah náà rẹ́rìn-ín, ó gbé ẹrù rẹ̀, ó lọ.

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kò bá bàbá láyé. Ojú oorun ló gbà lọ, wọ́n sì sin ín kí oòrùn tó wọ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn ṣe wí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó wà níbẹ̀ ni kò mọ jáàsì yàtọ̀ sí ariwo, síbẹ̀ wọ́n sunkún. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, ládàánì ní ó ṣe òun bákan láti pe ìrun nígbà tí kò sí fèrè tó kọ́kọ́ dákẹ́. Àárò bàbá ń sọ wá, kí n má purọ́. Mo mọ ilé tí wọ́n ti ń gbọ́ orin dáadáa ní Ìsọlọ̀ títí di òní, ṣùgbọ́n mi ò mọ èyí tí onílé ti ń la ojú wò ọ́ bóyá ìwọ náà ti gbọ́ ibi tó dùn.

Lẹ́yìn fídáù, Nafeesah ránṣẹ́ sí Súnkànmí àti Àǹtí Felicia. Wọ́n lọ lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú. Ohun tí Nafeesah fẹ́ ni pé kí wọ́n pín àwo bàbá òun láàrin ara wọn, torí òun kò ní àyè tí òun yóò kó wọn sí, kò sì fẹ́ kí ó bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò mọ ìwúlò rẹ̀. Wọ́n jókòó. Kò sí ẹni tó fẹ́ kọ́kọ́ na ọwọ́. Jeremy tó bá wọn wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, kò mọ ibi tí yóò fi ojú sí.

Ilẹ̀kùn yàrá ṣí, Ìyá Nafeesah yọ. Ó ń ṣe tákàbà lọ́wọ́, kò lè jáde nílé, ọjà rẹ̀ ní Òṣòdì wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ó ti rù díẹ̀. Gbogbo wọn dìde kí i.

"Ẹ jókòó," ó ní. "Kí lẹ ń ṣe?"

"Àwọn àwo bàbá ni, Màámi," ni Nafeesah wí. "Mo ní kí wọ́n máa kó wọn lọ."

Ìyá Nafeesah wo àwọn àwo náà fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló lọ síbi àga gígùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí kó àwọn páálí bàtà ọmọdé kúrò lórí rẹ̀, ó ń tò wọ́n sílẹ̀. Nafeesah fẹ́ ràn án lọ́wọ́, ó ní kó fi òun sílẹ̀. Nígbà tí àga ṣófo, ó gbọn eruku tìmùtìmù, ó jókòó, ó fi ìborùn bo èjìká.

"Súnkànmí, gbé ọ̀kan sí i."

"Èwo, Mà?"

"Èyí tí Bàbá Nafeesah fẹ́ kí n gbọ́."

Súnkànmí mọ̀ ọ́n. Gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n. Ó nù ún, ó fẹ́ eruku kúrò lórí abẹ́rẹ́, ó gbé e lé e. Iná wà. Dùùrù bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́, gìtá olóhùn ńlá tẹ̀ lé e, fèrè sì wọlé bí ẹni tó ń bọ̀ wá kí ènìyàn. Ìyá Nafeesah kò mi orí, kò dijú. Ó wo ẹ̀rọ náà bí ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ pàtàkì, tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò kà á. Àǹtí Felicia, tí kì í sunkún níwájú ènìyàn, yí ojú sí fèrèsé.

Orin lọ, ó dé òpin. Fèrè dákẹ́, àwo sì ń yí lásán, tó fi jẹ́ pé ìró abẹ́rẹ́ nìkan ni wọ́n ń gbọ́. Súnkànmí fẹ́ dìde, ó tún dúró, torí Ìyá Nafeesah kò yẹ̀ lórí àga. Ó ń retí.

"Ṣé ó ti tán ni?" ni ó bèèrè nígbà tó yá.

"Ó ti tán, Mà. Ojú kan nìyẹn."

"Ó ti tán?" Ó wo Súnkànmí, ó wo Àǹtí Felicia, ó wo ọmọ rẹ̀, bí ẹni tó rò pé wọ́n ń tan òun jẹ. "Bó ṣe mọ nìyẹn? Mo rò pé ilẹ̀ á ṣú síbẹ̀ ni. Nafeesah, ṣé ìwọ̀n ìgbà kékeré yìí náà ni bàbá ẹ ń bẹ̀ mí fún láti ọjọ́ yìí wá?"

Nafeesah lọ kúnlẹ̀ tì í, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Omi bọ́ lójú ìyá, kò nù ún.

"Mà," ni Súnkànmí rọra wí, "ṣé ká yí ojú kejì?"

Ìyá Nafeesah mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Kí fèrè tó bẹ̀rẹ̀, ó rọra sún dé etí àga gígùn náà, ó sì fi àyè ẹnì kan sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀.